Jagunjagun Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ má bínú pé àgbà bí èmi ń kó ọ̀rọ̀ ilé wá síta. N kò rí ẹni bá sọ ọ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo máa ń sọ irú rẹ̀ fún, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ọmọ bíbí inú mi ti tàn mí jẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo ti mọ̀. Òun kò tíì mọ̀ pé mo mọ̀, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe.

Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa ni mí. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ìyàwó mi, ọmọ Oǹdó, ti kú. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ọmọ kan ni Ọlọ́run fún wa, ọkùnrin, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Káyọ̀dé, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Òun náà wà ní Àkúrẹ́ níbí, ṣùgbọ́n ó ní ilé tirẹ̀, ó máa ń wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé, irùngbọ̀n ti ń hù ní àgbọ̀n mi nígbà tí mo ń bá àwọn ọmọ kéékèèké jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, àtìgbà yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́ kí wọ́n má baà fi èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ló máa ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Lẹ́yìn tó kú, tí Káyọ̀dé bá wá, a ó kí ara wa, a ó jẹun, a ó wo tẹlifíṣọ̀n, yóò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ṣáá...

Ó rí i pé ilé ti dákẹ́ jù. Ló bá ra fóònù olójú gbàǹgbà kan fún mi, ó fi géèmù kan sí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Géèmù náà, ẹ ó kó èèyàn mẹ́rin jọ, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò abẹ́ ilẹ̀, láti ìpele kan dé èkejì, níbi tí àwọn ẹranko burúkú wà, àti òkú tó ń rìn, àti tàkúté lóríṣiríṣi. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yan iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe. Jagunjagun ló ń wà níwájú, òun ni ìyà ń jẹ. Oṣó ń ju iná láti òkèèrè. Olè ń tú tàkúté, ó sì ń ṣí àpótí. Oníwòsàn wà lẹ́yìn pátápátá, kò lè jà, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, gbogbo wọn ló máa kú. Ẹni tó bá sì kú nínú géèmù yìí, ó kú náà nìyẹn, kì í jí mọ́. Káyọ̀dé ní kí n ṣe jagunjagun, pé ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Mo yan oníwòsàn. Kò béèrè ìdí rẹ̀, èmi náà kò sọ. Ẹni tó ti jókòó ti ìyàwó rẹ̀ ní ọsibítù tí kò rí nǹkan kan ṣe, kí ló tún fẹ́ ṣàlàyé?

Káyọ̀dé ní èmi nìkan kò lè dá a ṣe, pé àyè kan wà nínú géèmù náà tí àwọn èèyàn ti ń wá ẹnìkejì. Ó bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbàlagbà kan ní Àkúrẹ́ ń wá ẹni tí yóò bá ṣeré. Kò pẹ́ rárá tí ẹnì kan fi dáhùn. Ó ní àgbẹ̀ oníkòkó ni òun, pé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni òun ń gbé, pé ìyàwó òun náà ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ òun ló fi géèmù náà lé òun lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Òun mú jagunjagun. Àwọn méjì tó kù, géèmù fúnra rẹ̀ ló ń darí wọn, ṣùgbọ́n àwa ni a ó yan iṣẹ́ fún wọn.

Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ jà. Ó ní kí a mú oṣó kan àti olè kan. Mo gba oṣó, torí iná. Ṣùgbọ́n olè? Èmi tí mo ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi? Mo kọ ọ́ sí i pé n kò lè fi ọwọ́ ara mi mú olè wọ agbo ilé mi. Ó ní, "Bàbá, olè tiwa mà ni. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló máa jà lólè." Mo ní rárá, jagunjagun mìíràn ni kí a mú. A sọ̀ kalẹ̀. Tàkúté àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ yọ lára ògiri. Tàkúté kejì, ilẹ̀ là mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Àpótí tí a rí, a kò lè ṣí i, a kàn dúró tì í bí ẹni tó ń wo oúnjẹ olóúnjẹ. Ó kọ̀wé sí mi pé, "Ọlọ́run ti rí ọkàn mímọ́ yín o, Bàbá Ìjọ. Ṣé kí a kúkú máa kú lọ báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé tí èmi nìkan wà. N kò rántí ìgbà tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ṣáájú ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì a gba olè. Mo ń ṣọ́ olè náà lójú méjèèjì, ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ̀ pé òun kọ́ ló yẹ kí n máa ṣọ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú géèmù náà, èèyàn lè ṣe àwọn nǹkan kan láìsọ̀rọ̀. Ó lè juwọ́, ó lè jó, ó lè kúnlẹ̀, ó lè nà gbalaja sílẹ̀. Nígbàkúùgbà tí àwa méjèèjì bá wọlé, kí a tó sọ̀ kalẹ̀, jagunjagun Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, tòun ti asà àti idà rẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ níwájú oníwòsàn mi. Á dìde. Á tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, kò ní dìde títí n ó fi na ọ̀pá ọwọ́ mi sí i. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ṣáà ni wá, kí ló ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀mí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń kí." Mo rò pé àwàdà ni.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, òun ni mo ń wá. Á béèrè bóyá mo ti jẹun. Á ní kí n lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru mi, mo sì lọ. Bí a bá ń dúró kí ọgbẹ́ àwọn èèyàn wa san, a ó máa kọ̀wé síra wa, àti pé ó rọrùn fún mi láti kọ ọ̀rọ̀ ju kí n fẹnu sọ ọ́ lọ. Mo sọ fún un bí ìyàwó mi ṣe kú. Mo sọ fún un pé n kò tíì gbé aṣọ rẹ̀ kúrò lórí ìkọ́. Mo sọ fún un pé mo ní ọmọkùnrin kan tó ń wá kí mi bí ẹni tó ń wá san gbèsè, pé ó dà bí ẹni pé ó ń bá mi bínú nítorí ikú ìyá rẹ̀, pé n kò mọ bí mo ṣe lè bi í. Ó pẹ́ kó tó fèsì ní ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ pé, "Bóyá ọmọ náà kò mọ ohun tó máa sọ ni." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Mo lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará ilé ìyàwó mi ní Oǹdó, ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ìyá Bùnmi. Opó ni, olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi wá sórí tábìlì kan náà. Mo jẹun tán, n kò tíì sọ ju "ẹ ṣeun" lọ. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ṣé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni, tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ ná báyìí?" Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó. Kò sí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Yóò gún iyán, a ó jẹun, yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Èmi kì í ṣe ọmọdé, ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé. Ṣé kí n máa gún iyán ẹni méjì lọ ni, àbí kí n padà sí ti ẹnì kan?" Mo ní kó fún mi láyè kí n ronú.

N kò lè bá Káyọ̀dé sọ ọ́. Bàbá wo ló mọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ọmọ tó ń wo fọ́tò ìyá rẹ̀ lára ògiri? Ta ni mo bá sọ ọ́ fún? Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Ó ní kí n má kánjú. Ó ní òun náà ti fẹ́ ìyàwó mìíràn rí, pé obìnrin náà kó aṣọ ìyá àwọn ọmọ òun dà síta, pé àwọn ọmọ òun kò wọ ilé mọ́ àfi tí òun bá ń ṣàìsàn. Ó ní, "Ọjọ́ tí obìnrin mìíràn bá wọ ilé ìdáná ẹni tó kú, àwọn ọmọ á di àlejò." Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé kí n sọ ọ́ di àlejò ni? Mo bi í lẹ́ẹ̀kejì, mo bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́.

Mo lọ sí Oǹdó, mo sọ fún Ìyá Bùnmi pé kó padà sí ti ẹnì kan. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá sọ ọ́." Ó ti gún iyán ọjọ́ yẹn kí n tó dé. Ó dì í sínú kúlà, ó gbé e fún mi. Mo ní kó jẹ́ kó wà. Ó ní, "Iyán kì í padà di iṣu. Ẹ gbé e lọ, ẹ jẹ ẹ́." Mo jẹ ẹ́ ní ìdúró nínú ilé ìdáná mi ní Àkúrẹ́, ó ti tutù. Kúlà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn èyí, ní Sátidé kan, Káyọ̀dé wá. Mo jókòó sínú pálọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ dúdú nìkan ni mo rí. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó dìde. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó sì dúró nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tó wà ní kékeré, á kí mi tán, á sì sáré lọ ṣeré láìkí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ìkíni kan kì í ṣe ti ẹni méjì. Ló bá kọ́ ọ pé tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, kó kí bàbá, kó dìde, kó tún kí ìyá, ibi yòówù kí òun wà nínú ilé, kó má sì dìde títí òun á fi dáhùn. Ìyá rẹ̀ á pariwo láti ilé ìdáná pé, "Dìde, ọkọ mi, o ò ní rí ibi!" Bẹ́ẹ̀ ló dàgbà. N kò rí ilé mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe é. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, kò fi í sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì náà ni, èmi ni mo wá ń dáhùn ti ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi, "Dìde" nìkan ni mo máa ń rí sọ.

Mo ń wò ó nílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, asà àti idà ló kù kó gbé. Ní ọ̀pọ̀ oṣù tí mo ti ń wo jagunjagun náà, ṣé ojú mi fọ́ ni?

Mo ní kó dìde. Ó jókòó sórí àga pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo mú fóònù mi, mo rọra kọ̀wé sí Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Fóònù Káyọ̀dé dún lórí itan rẹ̀. Ó wò ó, ó da ojú rẹ̀ dé. Mo bi í pé ta ni. Ó ní ibi iṣẹ́ ni, Daddy, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi. Mo bu oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fèsì. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, oko ni mo wà."

Oko! Àga pupa inú pálọ̀ mi ló ń pè ní oko!

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí ọmọ ṣe ń ṣe bàbá nìyí? Obìnrin tó da aṣọ síta kò sí. Àwọn ọmọ tó di àlejò kò sí. Ó jókòó, ó hun ún fún mi, mo gbà á gbọ́, mo sì torí rẹ̀ lé ẹni tí kò ṣe mí ní ibi kankan lọ. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa rẹ̀, ó kà á. Ohun tí bàbá kì í jẹ́ kí ọmọ gbọ́, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí i. Ṣé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín ni? Àbí ilé ló ń ṣọ́, kí ẹlòmíràn má baà bá a pín in? Àbí nítorí ìyá rẹ̀ ni? Tó bá jẹ́ nítorí ìyá rẹ̀, kí ló dé tí kò lè wá jókòó tì mí kó sì sọ pé Daddy, n kò fẹ́? Àmọ́ ṣé èmi náà sọ tèmi fún un? Mo ń rò ó síwá, mo ń rò ó sẹ́yìn...

N kò sọ nǹkan kan. A ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, àwọn òkú tó ń rìn rọ́ lù wá. Oṣó wa kú, olè wa kú. Jagunjagun nìkan ló wà níwájú, wọ́n ń gé e, ìlà pupa tó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ hàn ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀. Mo mọ ibi tí mo máa tẹ̀ tí yóò fi san. N kò tẹ̀ ẹ́. Mo ká ọwọ́ mi gbera, mo ní kó kú, kí Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ kú kúrò láyé mi. Kò bẹ̀ mí pé kí n wo òun sàn. Ó yí padà, ó fi asà rẹ̀ bo oníwòsàn mi, ó sì kọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹ sá. Ẹ fi mí sílẹ̀." Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ kí n tó mọ̀. Ó san. A jáde. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún, inú bí mi pé mo sunkún. A lọ yan oṣó mìíràn àti olè mìíràn, a kò jiyàn kankan lórí rẹ̀.

Òní ni Sátidé. Ní òwúrọ̀, Káyọ̀dé pè mí pé òun kò ní lè wá, iṣẹ́ pọ̀. Kò pẹ́ sí i, Bàbá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wọlé, ó ní kí a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìpele tó kẹ́yìn. Fóònù kékeré mi ni mo fi ń kọ èyí sí yín. Èyí ńlá wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo ti wá nọ́ńbà Ìyá Bùnmi jáde lẹ́ẹ̀kan, mo tún pa á dé. Kúlà rẹ̀ ni mo lè fi ṣe àwáwí, pé mo fẹ́ dá a padà. Ṣùgbọ́n kí ni n ó sọ pé ó mú mi yí ọ̀rọ̀ mi padà? Pé jagunjagun kan ló tàn mí? Ṣé obìnrin tó di iyán fún mi báyẹn ṣì lè ṣí ilẹ̀kùn?

Bí mo bá pe ọmọ yìí ní orúkọ rẹ̀ nínú géèmù yìí lónìí, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní kú nìyẹn, n kò sì mọ̀ bóyá ọmọ á dúró. Bí n kò bá pè é, irọ́ yìí á máa bá mi jẹun lọ títí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, ẹ̀yin tí ọmọ ti dà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti tan bàbá yín rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ sí Oǹdó ná?

Ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti dìde. Ìyẹn tèmi. Ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, n kò tíì na ọ̀pá sí i. Ìyẹn ti ìyá rẹ̀, n kò sì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ. Ó ti kọ̀wé pé, "Bàbá, ṣé kò sí?" N kò fèsì. Ẹ bá mi yára dáhùn, ẹ jọ̀wọ́. Ó ṣì wà nílẹ̀.